Ẹ̀wù Funfun ní Èèkàn Kẹfà

Orí ni ó fi dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà sókè, koríko wà lókè àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bí àjà ilé, ojú ọ̀run sì tẹ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹní tí wọ́n rẹ láró. Síbẹ̀ ọkùnrin náà di ọ̀pá kan mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bí lóríkodò.

Bí Déédéé ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn.

Ẹ má rò pé àlá ni, kì í sì í ṣe idán. Iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹ̀rọ tí wọ́n sì fi ń wo ọ̀ọ́kán ti dàgbà ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lò ó lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, ojú kan ṣoṣo ló ní, ohun gbogbo tí ojú ọ̀hún bá sì rí, ó gbọ́dọ̀ dorí rẹ̀ kodò. Olójú-kan ni wọ́n ń pè é. Déédéé ti rí igi tó dorí kodò, ó ti rí ilé, ó ti rí ewúrẹ́, kò kà wọ́n sí mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó dorí kodò yẹ kó dà bí ẹkún, àbí? Ti ọkùnrin yìí kò dà bí ẹkún rárá.

"Ta nìyẹn?" ó bi Alága láìgbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ.

Alága ni olórí ẹgbẹ́ wọn, ọmọkùnrin kúkúrú kan tó fẹ́ràn àṣẹ pípa ju oúnjẹ lọ. "Ẹni tuntun ni," ó ní. "Ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ló ti wá ṣe ọdún kẹrin lọ́dọ̀ wa. Èmi ni màá gbé ọ̀pá ẹ̀yìn, òun á máa gbé tiwájú."

"Ṣé ó mọ̀ ọ́n gbé?"

"Wọ́n ń kọ́ ọ̀pá gbígbé ni? Kó ṣáà dúró bí igi."

Déédéé gbé orí sókè, ó fi ojú lásán wò ó. Ọkùnrin náà jìnnà réré, kò ga ju ìka lọ, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi gbogbo ènìyàn. Kíá, Déédéé tún fojú sí ẹ̀rọ. Lóríkodò yẹn ni ó ti sún mọ́ ọn.

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ ni Déédéé o. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, lọ́jọ́ tí ó fa téèpù yọ, tí ó wọn pẹpẹ ìkówèésí kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá, tí ó sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà mẹ́ta sí i kí ẹni mẹ́rin má baà jà. Láàárọ̀, tí garawa bá ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwẹ̀ fọ́fọ́, tí oníkálukú ń pariwo pé òun lòun kàn, Déédéé ni wọ́n ń pè láti wá dájọ́, nítorí kì í lè parọ́, kódà bí òun fúnra rẹ̀ ni yóò wẹ̀ kẹ́yìn.

Bàbá rẹ̀ ló jọ. Télọ̀ ni bàbá náà, ìwọ̀n inṣi kan kò gbọdọ̀ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá Déédéé ti kú ni ó ti ń dá ọmọbìnrin rẹ̀ tọ́, ó sì wù ú kí ọmọ náà jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Déédéé ní ilẹ̀ ni òun fẹ́ máa wọ̀n, òun kò fẹ́ wọn èjìká àti ìbàdí, bàbá náà ronú fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó fèsì.

"Ọdún mẹ́rin ni mo gé fún ọ," ó ní. "Bí o bá jẹ́ kó di márùn-ún, kí o padà wá sídìí máṣíìnì ìyá rẹ. N kò sì fẹ́ gbúròó ọkùnrin kankan nínú ọdún mẹ́rin ọ̀hún. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ yín, Bàbá."

Máṣíìnì ìyá rẹ̀ wà ní igun ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi aṣọ bò ó láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ẹni tó ni ín. Déédéé fẹ́ràn ìyá rẹ̀ dọ́jọ́ òní, ṣùgbọ́n bí ó bá rántí máṣíìnì yẹn, ìwé ni ó máa ń sáré ṣí.

Ọdún kẹrin náà rèé. Oṣù méje péré ló kù. Ìgbà náà sì ni ẹlẹ́rìn-ín yìí yọ sínú ẹ̀rọ.

Kò pẹ́ tí òun náà fi ní orúkọ. Bó ṣe ń rìn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń ki ọ̀pá bọlẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ ń sùn tí kò fẹ́ jí i. Ni wọ́n bá pè é ní Jẹ́jẹ́. Ó fi ọdún bíi mẹ́fà ju àwọn yòókù lọ, nítorí ọdún mẹ́fà ni ó fi gbé ọ̀pá tẹ̀lé àwọn awọnlẹ̀ nínú igbó kó tó ráyè padà sí ilé-ẹ̀kọ́.

"Ọdún mẹ́fà gbáko!" Déédéé ní. "Kò sú ọ?"

"Ó sú mi. Ìdí tí mo fi wá síbí nìyẹn. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ń rí."

"Oríkodò ló ń rí."

"Ṣé oríkodò ni mo wà lójú rẹ?"

"Títí ìwọ fi máa hùwà ọmọlúwàbí," Déédéé ní, ó sì yára bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú ẹ̀rọ tí kò dọ̀tí.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ agboòrùn. Oòrùn kì í dára fún Olójú-kan, nítorí náà agboòrùn ńlá kan wà tí wọ́n ń ṣí lé e lórí. Ẹ̀rọ ló ni agboòrùn náà, ènìyàn kò ní ìpín nínú rẹ̀. Lójoojúmọ́ tí wọ́n bá wà ní pápá, ẹ̀rọ á jókòó sábẹ́ ìbòji bí ọba, àwọn ọmọ ènìyàn á sì máa yan bí àgbàdo. Bí Jẹ́jẹ́ kò bá gbé ọ̀pá, òun ló ń di agboòrùn mú. Ní ọjọ́ kẹta, Déédéé ṣàkíyèsí pé òógùn kò ṣàn sí òun lójú mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ̀rọ ló ni agboòrùn yẹn."

"Mo mọ̀."

"Ṣé o rí i pé orí mi lo ń ṣíji bò?"

Jẹ́jẹ́ wo ẹ̀rọ, ó wo Déédéé. "Ẹ̀rọ ò ráhùn," ó ní.

Lọ́jọ́ náà, nǹkan kan yí padà nínú Déédéé, bí ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá yí nínú àgádágodo tí a kò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó wá di pé wọ́n jọ ń kàwé. Ní ilé ìkàwé, bí o bá fẹ́ kí àyè jókòó dè ọ́, ìwé ni wàá fi sórí àga. Ṣùgbọ́n bí Jẹ́jẹ́ bá kọ́kọ́ dé, ìwé méjì ni ó ń fi sílẹ̀, ọ̀kan sórí àga tirẹ̀, ọ̀kan sórí àga tó wà nítòsí fèrèsé, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ta ló ni èkejì. Kò sẹ́ni tó bi í.

Àfi Lọ́yà. Ọ̀rẹ́ Déédéé nínú yàrá ni Lọ́yà, òfin ló ń kà, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kì í gbé lọ sí kóòtù.

"Olùjẹ́jọ́," ó ní bí Déédéé ṣe wọlé, "kí lo ń ṣe nílé ìkàwé fún wákàtí mẹ́rin?"

"Mo ń kàwé."

"Ojú ìwé mélòó lo kà?"

Déédéé, tí kò lè parọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀.

"Mo bi ọ́ léèrè!"

"Mẹ́ta."

"Kóòtù ti gbọ́!" Lọ́yà pariwo, ó ju ìrọ̀rí sókè. "Ojú ìwé mẹ́ta ní wákàtí mẹ́rin! Ìfẹ́ ni ẹ̀sùn rẹ, o jẹ̀bi, jókòó!"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lórí àtẹ̀gùn ilé ìkàwé, Jẹ́jẹ́ fi ohùn rẹ̀ tó rọlẹ̀ yẹn ní òun ní ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé.

"Mo mọ̀ ọ́n," Déédéé ní. "Má bi mí. Bàbá mi ní kò gbọdọ̀ sí ọkùnrin kankan títí màá fi ṣetán. Mo sì ti ní mo gbọ́."

Ọkùnrin mìíràn ì bá bínú. Jẹ́jẹ́ kàn gbá ewé gbígbẹ kan kúrò lórí àtẹ̀gùn kí Déédéé lè jókòó. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Màá dúró. Ṣebí iṣẹ́ mi náà ni."

Wọ́n wá dé orí iṣẹ́ àṣekágbá. Olùkọ́ àgbà wọn, Bàbá Ìwọ̀n, tó máa ń fa ṣòkòtò dé àyà, pe gbogbo wọn jọ. Èèkàn mẹ́wàá ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò kàn yí ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ká. Wọn yóò wọ̀n láti èèkàn kan dé ìkejì, wọn yóò wọn igun tó wà láàárín wọn, títí wọn yóò fi yí ká.

"Ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ ni ìwọ̀n rẹ gbọ́dọ̀ padà sí," Bàbá Ìwọ̀n ní. "Bí kò bá padà síbẹ̀, o ti ṣìnà. Ẹgbẹ́ tí tirẹ̀ kò bá padà, ẹ̀yin àti ọdún kẹrin tún di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Ìwé ìwọ̀n yín ńkọ́? Bírò ni kí ẹ fi kọ ọ́. Ẹ kò gbọdọ̀ pa ohunkóhun rẹ́ níbẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ ya ojú ìwé kankan. Ohun tí ojú bá rí ni kí ọwọ́ kọ."

Lọ́jọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ náà, Jẹ́jẹ́ wọ ẹ̀wù funfun kan wá sí kíláàsì. Déédéé kò lè mú un mọ́ra.

"Funfun yẹ ọ́," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti nífẹ̀ẹ́ rí, ẹ mọ̀ pé ó tó. Jẹ́jẹ́ fọ ẹ̀wù náà nírọ̀lẹ́, ó lọ̀ ọ́, ó sì tún wọ̀ ọ́ lọ sí pápá, ibi tí ènìyàn kan kì í wọ funfun lọ.

Láàárọ̀ náà gan-an ni Alága, tó fẹ́ kí ọ̀gá yìn ín, kun àwọn ọ̀pá ní ọ̀dà pupa tuntun. Ọ̀dà kò tíì gbẹ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Níbi èèkàn márùn-ún àkọ́kọ́, Jẹ́jẹ́ wọ kóòtù dúdú kan lé ẹ̀wù náà, ó sì dúró bó ṣe yẹ, ọ̀pá níwájú, òun lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó di èèkàn kẹfà, oòrùn mú, ó bọ́ kóòtù. Ó wo ọ̀dà tútù, ó wo ẹ̀wù funfun tí ẹnìkan ní ó yẹ òun. Ni ó bá na apá, ó gbé ọ̀pá jìnnà sí ara. Lórí èèkàn gan-an ni ọ̀pá wà. Òun ló yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní èèkàn karùn-ún, Déédéé fojú sí Olójú-kan. Ògiri bíríkì pupa ni ó wà lẹ́yìn èèkàn kẹfà, ọ̀pá pupa sì wọ inú rẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń tàn níbẹ̀. Ó yí ẹ̀rọ títí okùn tín-ín-rín méjì tó dábùú ara wọn nínú rẹ̀ fi bọ́ sórí ohun náà, ó ka igun, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, kò sì mọ ìdí rẹ̀. Kó tó di pé wọ́n dé èèkàn keje, ọ̀dà ti gbẹ.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó ṣe ìṣirò. Ìwọ̀n wọn kò padà. Wọ́n tún un ṣe, kò padà. Èèkàn kìíní wà níbi kan, ìṣirò wọn lọ parí sí ẹ̀gbẹ́ kan níbẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀ bí àpò tó tú lójú rírán. Alága ní kí wọ́n jọ lọ bá Bàbá Ìwọ̀n. Jẹ́jẹ́ ló gbé ìwé ìwọ̀n, ó ń ṣí i wò bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Ó dúró lójú ewé kan, ó pa ìwé náà dé.

"Ta ló ṣe é?" Bàbá Ìwọ̀n bi wọ́n.

"Èmi ni, sà," Jẹ́jẹ́ ní. "Mo gbé ọ̀pá kúrò lórí èèkàn."

Déédéé yíjú sí i bí ẹni tí wọ́n bu omi tútù lù.

Bàbá Ìwọ̀n mi orí. "Ọdún mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, o gbé ọ̀pá kúrò lórí èèkàn. Wàá tún ọdún yìí ṣe. Ẹ̀yin méjì tó kù, mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lọ tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n."

Níta, Alága mí kanlẹ̀ bí ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ẹkùn. Déédéé kò mí. Ó lé Jẹ́jẹ́ bá.

"O mọ ohun tí ọdún yìí jẹ́ sí mi! Mo sọ ọ̀rọ̀ máṣíìnì yẹn fún ọ, yàtọ̀ sí Lọ́yà, n kò sọ ọ́ fún ẹlòmíràn!"

"Má bínú."

"Má bínú kẹ̀! Gbogbo ìgbà tí mo ń wò ọ́, mo rò pé ẹni tó ṣeé fọkàn tán nìyí. Ìwọ kò lè mú ọ̀pá kan ṣoṣo dúró!"

Jẹ́jẹ́ na ìwé ìwọ̀n sí i. "Lọ tún un wọ̀n," ó ní. "Á padà." Ó sì lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Déédéé wọ ilé ìkàwé láti ṣe àdàkọ ìwé ìwọ̀n. Àga tó wà létí fèrèsé ṣófo, kò sí ìwé lórí rẹ̀. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ìlà mẹ́ta ló wà lójú ewé: nọ́ńbà èèkàn, igun rẹ̀, àti ohun tí a wò. Ní ìlà kẹta yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni ènìyàn ń kọ títí ọwọ́ á fi ro ó. Ọ̀pá. Ọ̀pá. Ọ̀pá. Ó ń ṣe àdàkọ rẹ̀ lọ láìronú. Ọ̀pá. Ọ̀pá.

Ẹ̀wù funfun.

Ó dáwọ́ dúró. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ ni, kedere, ní èèkàn kẹfà. Ojú rẹ̀ rí ẹ̀wù, ọwọ́ rẹ̀ tí kò mọ irọ́ sì kọ ẹ̀wù. Ọkùnrin ni ó wọ̀n, kì í ṣe ọ̀pá. Ó tún rántí ojú ewé tí Jẹ́jẹ́ ti dúró wò lórí àtẹ̀gùn, ó rántí bó ṣe pa ìwé dé.

Ó sáré dé yàrá. Lọ́yà ń sá aṣọ sára irin fèrèsé.

"Ẹni tó jẹ́wọ́ kọ́ ló ṣẹ̀," Déédéé ní, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ.

Lọ́yà gba ìwé, ó kà á, ó fi aṣọ tútù bo ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó jókòó. "Gbọ́, ọ̀rẹ́ mi. Bí o bá dákẹ́, o ti bọ́. Ẹ tún un wọ̀n, o parí, bàbá rẹ yọ̀. Bí o bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè ní ìwọ ni kó o tún ọdún ṣe. Máṣíìnì nìyẹn o."

"Mo mọ̀."

"Kí wá lo fẹ́ ṣe?"

"Àbí ìwọ rò pé mo lè jókòó sídìí ohunkóhun ní gbogbo ayé mi, kí n mọ̀ pé Jẹ́jẹ́ wà ní ọdún kẹrin nítorí mi?"

Lọ́yà gbá a mọ́ra. "Ẹlẹ́bi tó dáa jù tí mo tíì rí," ó ní.

Láàárọ̀, kíláàsì kún dẹ́múdẹ́mú. Déédéé rìn lọ síwájú, ó gbé ìwé ìwọ̀n lé tábìlì, ó ṣí i sí ojú ewé náà. "Ẹ dákun, sà. Ẹ ka èèkàn kẹfà."

Bàbá Ìwọ̀n fa gíláàsì rẹ̀ wá sí imú. "Èèkàn kẹfà," ó kà sókè. "Ohun tí a wò…" Ó sún ìwé mọ́ ojú. "Ẹ̀wù funfun."

Ẹ̀rín bú ní kíláàsì. Wọ́n ń lu tábìlì, wọ́n ń fẹsẹ̀ jan ilẹ̀. Ní ẹ̀yìn, Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Èmi ni mo ṣe é, sà," Déédéé ní, omi lé ròrò sí i lójú. "Kò gbé ọ̀pá kúrò níbì kankan. Òun ni mo wò. N kò wo ọ̀pá. Bí ẹnìkan bá máa tún ọdún ṣe, èmi ni."

"Ìwọ, dìde," Bàbá Ìwọ̀n ké sí Jẹ́jẹ́. "Kí ló dé tí o parọ́ fún mi?"

"Mo ti rí ohun tó kọ, sà." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ẹ̀wù mi ni. Mo rò pé ẹ̀bi mi náà ni."

Ẹ̀rín tún bú. Àgbàlagbà náà dúró títí ó fi rọlẹ̀. Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó pẹ́ tó fi ń nù ún.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ka ìwé ìwọ̀n," ó ní. "Mo ti rí èyí tí wọ́n pa rẹ́, mo ti rí èyí tí wọ́n ya, mo ti rí èyí tí wọ́n da omi sí mọ̀ọ́mọ̀. N kò rí èyí tó kọ ohun tó tini lójú báyìí, tí ẹni tó kọ ọ́ tún gbé e wá fún mi lójú ayé. Ọ̀la, ní aago méje àárọ̀, ẹ lọ tún igun kan ṣoṣo yẹn wọ̀n. Bí ìwọ̀n yín bá padà, kò sí ẹni tó ń tún ọdún kankan ṣe. Ìwọ onírọ́, ìwọ ni yóò máa kun gbogbo ọ̀pá ilé-ẹ̀kọ́ yìí títí ẹ ó fi lọ. Kí o sì jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ!"

Ní aago méje, ìrì ṣì wà lórí koríko. Déédéé gbé Olójú-kan kalẹ̀ sí èèkàn karùn-ún. Kóòtù dúdú wà lára Jẹ́jẹ́, ó dúró gbọnrangandan sẹ́yìn ọ̀pá, ó sì ti lẹ ìwé funfun kan mọ́ orí ọ̀pá kó lè yàtọ̀ sí ògiri.

"N kò rí ọ!" Déédéé kígbe.

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn!" ó dá a lóhùn.

Ó ka igun náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí a wò: ọ̀pá. Orí koríko níbẹ̀ ló jókòó sí tí ó ṣe ìṣirò, Alága ń rìn yí i ká bí adìyẹ tó fẹ́ yé. Nígbà tó fa ìlà sísàlẹ̀, ó wò ó, ó tún wò ó, ó sì bú sẹ́kún.

"Yéè!" Alága ní. "Kò padà?"

"Ó padà," Déédéé ní láàárín ẹkún. "Kò ju ìka kan lọ. Ó padà!"

Alága fò sókè, ó gbàgbé ipò, ó ń jó láìsí ìlù lọ sí ọ́fíìsì Bàbá Ìwọ̀n. Jẹ́jẹ́ wá kúnlẹ̀ lórí koríko tútù, ó na áńkáṣíìfù sí Déédéé.

"Mo bú ọ," Déédéé ní.

"O bú mi dáadáa. N kò mọ̀ pé o lóhùn tó bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"O kò ní gbà. Wàá lọ jẹ́wọ́."

"Mo ṣáà padà lọ jẹ́wọ́."

"Mo rí i." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò dorí kodò lónìí. "Olólùfẹ́ mi, ìbéèrè mi tí kò sí nínú ìwé ṣì wà níbẹ̀ o. Títí o fi máa ṣetán. N kò kánjú."

Déédéé fi áńkáṣíìfù bo ojú. "Ìdáhùn rẹ̀ wà ní èèkàn kẹfà," ó ní. "Gbogbo kíláàsì ti gbọ́ ọ."

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, Déédéé pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Ó sọ pé òun yege. Nítorí pé kò lè parọ́, ó sọ èyí tó kù pẹ̀lú, láti orí agboòrùn dé orí ìwé ìwọ̀n. Lọ́dọ̀ bàbá náà, ìró máṣíìnì dúró lójijì.

"Ọdún mẹ́rin náà pé ṣáṣá?" ó bi í.

"Ó pé, Bàbá."

"Ẹ̀wù ọ̀hún, ta ló rán an?"

"N kò mọ̀."

"Mú un wá kí n wò ó."

Ẹ̀wù ni ó sọ. Ṣùgbọ́n a kì í mú ẹ̀wù wá kí á fi ẹni tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, Jẹ́jẹ́ dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, àgékù aṣọ káàkiri ilẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ bí ẹni tó gbé ọ̀pá mẹ́wàá. Ó kí bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ojú rírán ọrùn ẹ̀wù ni bàbá ń wò.

"Apá ọ̀tún gùn ju tòsì lọ," ó ní níkẹyìn. "Èyí ni ọmọ mi ń wò títí tó fi ṣìṣe?"

"Ẹ má bínú sí i, sà," Jẹ́jẹ́ ní. "Kò mọ̀ pé apá kan gùn."

Ẹnu bàbá yọ́ díẹ̀. Ó fa téèpù kúrò lọ́rùn. "Na apá. Èmi ni màá rán òmíràn fún ọ. Ọmọ mi, mú ìwé, kí o máa kọ ọ́."

Déédéé ṣí ìwé ṣọ́ọ̀bù, èyí tó ti mọ̀ láti kékeré. Bàbá ń pe èjìká, ó ń kọ ọ́. Ó pe apá, ó kọ ọ́. Ó pe àyà.

"Ó ku ibi orúkọ oníbàárà," bàbá ní. "Kọ ọ́."

Déédéé kọ ọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé ìwé náà fún bàbá. Bàbá télọ̀ wọ gíláàsì, ó kà á. *Ọkọ mi.*

Eruku wẹ́wẹ́ ń fò nínú ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló ní kó o kọ èyí?"

"Ohun tí ojú mi rí ni, Bàbá."

Bàbá mú bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sókè lórí ọ̀rọ̀ náà, ó dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi bírò sẹ́yìn etí, ó pa ìwé dé, ó rìn lọ sí igun ṣọ́ọ̀bù, ó sì ká aṣọ kúrò lórí máṣíìnì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá Déédéé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku rẹ̀. Ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó yí, kò dún rárá.

"Ìdí èyí ni màá ti rán an," ó ní, kò yíjú sí wọn. "Nínú ìwé tèmi náà, a kì í pa nǹkan rẹ́." Ó fọn imú, ó padà wá pẹ̀lú téèpù. "Ìwọ, dúró dáadáa. N kò tíì wọn ọrùn rẹ."